Abdulwahab àti Ìdajì Ojú Tẹlifíṣọ̀n

Ògiri kan ṣoṣo ló pín yàrá tèmi àti ti Abdulwahab ní Rumuodara, ní Port Harcourt, ògiri náà kò sì nípọn. Bí iná bá ti dé nírọ̀lẹ́, màá gbọ́ ìbọn tó ń ró nínú tẹlifíṣọ̀n wọn, màá gbọ́ Belema ìyàwó rẹ̀ tó ń pariwo, "Abdul, cover me! Dem dey come!" Ẹ̀rín ọkọ rẹ̀ á tẹ̀lé e, ẹ̀rín tó máa ń parí sí ikọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n á rò pé àwọn ọmọ kéékèèké ló wà níbẹ̀. Àgbàlagbà méjì ni wọ́n, wọn kò sì bímọ.

Wẹ́dà ni Abdulwahab. Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti wá, iṣẹ́ ọlọ́pàá ló gbé e dé Port Harcourt, ibẹ̀ ló sì kú sí. Àdúgbò Mgbuoba níbẹ̀ ni wọ́n bí Abdulwahab sí, nítorí náà Pidgin yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Tó bá ń bá mi sọ Yorùbá, á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, tó bá débì kan á ní, "Àǹtí, abeg, e don finish." Ọmọ Kalabari ni Belema ní tirẹ̀, aránṣọ ni, kì í sì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Pidgin ló ń bá gbogbo wa sọ, èmi ni mo ń fi Yorùbá ròyìn èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn irin tó fẹ́ fi sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Abdulwahab. Ilẹ̀kùn yẹn pẹ́ kó tó parí. Belema ní òun mọ̀ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ń fà á, kí òun lè máa wá.

Wọ́n fẹ́ ara wọn ní ọdún 2006. Ẹbí méjèèjì ráhùn díẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, wọ́n sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọn kò dákẹ́ lé lórí.

Ọ̀gá kan tí Abdulwahab ṣe géètì fún ló ń kó lọ sí Abuja, tó fi ẹ̀rọ géèmù àwọn ọmọ rẹ̀ ta á lọ́rẹ. Nínú géèmù náà, ọmọ ogun méjì ló ń jà lọ nínú ìlú kan tó ti wó. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń ta á, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ojú tẹlifíṣọ̀n á pín sí méjì: òkè jẹ́ ti Abdulwahab, ìsàlẹ̀ jẹ́ ti Belema. Ohun tí ọmọ ogun kálukú bá rí ló ń hàn ní apá tirẹ̀, páàdì ọwọ́ rẹ̀ ló sì fi ń darí rẹ̀. Bí ìbọn bá ba ọ̀kan tó ṣubú, ìkejì gbọ́dọ̀ sáré wá gbé e dìde kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára rẹ̀. Bí kò bá tètè dé, àwọn méjèèjì á padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, ńṣe ni Belema ń pòòyì lójú kan, tó ń yìnbọn sí ilẹ̀. Nígbà tó yá, ó ta á ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ìyá Comfort tó kọjú sí wa máa ń sọ ọ́ sókè pé, "Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ, wọ́n wá sọ ara wọn dọmọ." Belema gbọ́. Ó wá jókòó tì mí lọ́jọ́ náà níbi tí mo ti ń ṣa ìrẹsì, ó ní, "Àǹtí, gbogbo ibi tí mo bá dé ni wọ́n ti ń wo ikùn mi. Inú géèmù yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í bi mí ní nǹkan kan."

Ọdún tí èérí dúdú ń bọ́ láti ojú ọ̀run sórí aṣọ, sórí oúnjẹ, sínú imú gbogbo wa ní Port Harcourt, ọdún náà ni Abdulwahab bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú ṣáá nínú géèmù. Ọ̀tá á yọ láti ẹ̀gbẹ́, Belema á rí i ní apá òkè tí kì í ṣe tirẹ̀, á pariwo, ọkọ rẹ̀ á sì yíjú nígbà tí ìbọn ti bà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí i.

"Ṣé o ń sùn ni?"

"Irin ni mo jó láti àárọ̀. Ojú ń ta mí."

Ta ni yóò ka ìyẹn sí? Wẹ́dà wo ni ojú kì í ta? Ó ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì, ó ń kán an. Ó fi orí gbá férémù ilẹ̀kùn, a ní ìkánjú ni. Ó fẹsẹ̀ da garawa omi mi nù ní ọ̀sán gangan, ó sì ń bẹ̀ mí bí ẹni tó pa èèyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Belema mú ọmọ ogun tirẹ̀ rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀, ó dá a dúró síbẹ̀. Ó wo apá òkè, ó rí ara rẹ̀ tó dúró gbagidi ní etí ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́.

"Abdul, níbo ni mo wà?"

"I no know. You don waka leave me."

"Má yí páàdì. Wo apá tìẹ dáadáa. Níbo ni mo wà?"

Ó wò ó, ó pẹ́ tó ti ń wò. "Ṣebí o ti lọ síwájú?"

Lójijì ni ariwo ìbọn dákẹ́. Mo rò pé wọ́n ti mú iná lọ, àfi bí mo ṣe rí i pé gílóòbù tèmi ṣì ń tàn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹkún Belema.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gbé ojú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kan tí iná wẹ́wẹ́ ń tàn ní igun rẹ̀ káàkiri, wọ́n fún un ní bọ́tìnì, wọ́n ní bó bá ti rí iná kó máa tẹ̀ ẹ́. Ó di bọ́tìnì náà mú, ó ń retí. Ó ní, "Madam, ẹ bẹ̀rẹ̀ na."

Dókítà obìnrin náà ní, "Bọ̀dá, a ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́."

Gilakómà ni wọ́n pe àìsàn náà. Dókítà ṣàlàyé pé omi inú ojú ló ń tẹ iṣan tó ń ríran, tó ń pa á díẹ̀díẹ̀ láti etí wọnú, kì í sì í dun èèyàn kó lè mọ̀. Èyí tó bá ti lọ kò ní padà. Abdulwahab bi í bóyá iná irin jíjó ló fà á. Dókítà ní rárá, ó wá béèrè bóyá bàbá rẹ̀ ríran dáadáa títí dọjọ́ ikú. Bàbá rẹ̀ ń fọwọ́ tọ ògiri rìn kó tó kú, wọ́n sì pè é ní ọjọ́ ogbó.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún, torí pé ti òsì ti lọ tán. Kò pẹ́ tó fi jó ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, ó sì kó ẹ̀rọ rẹ̀ fún Mikail tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìwọ̀nba tó ń rí nígbà náà dà bí ìgbà tí èèyàn fi ihò páìpù wo ayé.

Síbẹ̀ wọ́n ń ta géèmù. Belema á máa darí rẹ̀: "Rọra. Dúró. Oya, yìnbọn!" Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń borí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì tún ń gbọ́ ẹ̀rín náà láti ẹ̀yìn ògiri. Belema fúnra rẹ̀ ló sọ bó ṣe parí fún mi.

Abdulwahab gbé páàdì rẹ̀ sílẹ̀ lórí itan. "Belema, páàdì mi kì í gbọ̀n mọ́."

"Bóyá ó ti bàjẹ́."

"Kò bàjẹ́. Tí ìbọn bá bà mí ló máa ń gbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí ìbọn ti bà mí kẹ́yìn. Where you dey put me?"

Kò lè purọ́ fún un. Ibi yòówù kí wọ́n dé nínú ìlú náà, ńṣe ló ń fi ẹnu darí rẹ̀ wọ inú yàrá kan tí ògiri yí ká, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa dá jà. Ògiri ni ọkọ rẹ̀ ń yìnbọn sí pẹ̀lú ìdùnnú.

"Inú yàrá ni. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Ìbọn ń bà ọ́?"

"Díẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì parí sí ikọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Má fi mí sínú yàrá mọ́. Tí mo bá máa ṣubú, jẹ́ n ṣubú. E don do. Pa á." Belema pa á. Wọn kò tan géèmù náà mọ́.

Nígbà tí ọdún 2020 fi parí, òkùnkùn ti dé pátápátá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Alhaja Fàdílátù, wá láti Ìsẹ́yìn. Ó ní òun wá mú àbúrò òun lọ sílé.

Abdulwahab ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Ìsẹ́yìn láyé mi. N kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ nígbà tí mo ríran, ṣé ìsinsìnyí ni n óò wá mọ̀ ọ́n?"

Alhaja yíjú sí Belema. "Ìwọ náà ńkọ́, ìyàwó? Kò sí ọmọ tó so yín pọ̀. Tó bá rẹ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí."

Belema ní, "Ó ti rẹ̀ mí, ma. Ó rẹ̀ mí lánàá náà. Ibí ni mo ṣì jí sí lónìí." Alhaja sunkún, ó sì dá nìkan padà lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Belema ni Abdulwahab ń jókòó sí báyìí, ó ń ká yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ti rán tán. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ìyàwó rẹ̀ á mú un lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, òun á jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì oníbọ̀ọ̀lì títí wọn á fi kírun tán.

Jímọ̀ tó kọjá, òjò tó rọ̀ kò kéré. Mo wà nínú kẹ̀kẹ́ nígbà tí mo rí Belema níbẹ̀ lábẹ́ agboòrùn, ó fi ọ̀rá wé bàtà ọkọ rẹ̀, ó gbé e lé itan kí omi má baà dé ibẹ̀. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró, mo pè é pé kó wọlé ká jọ máa lọ, ká tún padà wá mú Abdulwahab.

Ó mi orí. Ó ní, "Ẹ máa lọ, Àǹtí. Wọn ò tíì ṣetán."