Ẹni Tó Ṣí Fáìlì Àbúrò Ọkọ Nọ́ọ̀sì

Lójijì ni àfẹ́sọ́nà àbúrò ọkọ nọ́ọ̀sì kan ní òun kò ṣe ìgbéyàwó mọ́. Ó ní àwọn ará ilé òun ti gbọ́ pé ọmọbìnrin náà ń lo oògùn wárápá. Dókítà nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Orí kọ̀ǹpútà ọsibítù ni ọ̀rọ̀ náà wà, ọsibítù yẹn ni nọ́ọ̀sì sì ti ń ṣiṣẹ́. "Àǹtí mi" ni ọmọbìnrin náà máa ń pe nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìwọ ni?"

Nọ́ọ̀sì búra títí. Ọkọ rẹ̀ ní òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn ẹbí ọkọ náà bá ti pè é, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé fóònù lọ. Èyí ló dun nọ́ọ̀sì jù.

Ó bẹ ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ọsibítù pé kó bá òun wo ẹni tó ṣí fáìlì náà. Ọkùnrin náà wo kọ̀ǹpútà, ó wo ojú rẹ̀.

"Orúkọ yín ló wà níbí, Mà."

Bẹ́ẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ ni nọ́ọ̀sì wà ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n ṣí fáìlì náà. Ìgbà náà ló rántí pé orúkọ àkọ́bí òun lòun fi ṣe páswọ́ọ̀dù, orúkọ tí gbogbo wọ́ọ̀dù fi ń pè é ní ìyá lágbájá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo ayé.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú sí gbogbo ènìyàn, látorí ẹni tó ń gbálẹ̀ dórí mátírọ̀nù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló yọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n jọ ń rìn tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Ìbejì. Ó pa páswọ́ọ̀dù dà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó ń ṣọ́ wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ yàrá nọ́ọ̀sì, ó bá ọ̀rẹ́ náà nídìí kọ̀ǹpútà, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń pòṣé. Ọ̀rẹ́ kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì rí lójú kọ̀ǹpútà, níbi tó ti ń béèrè páswọ́ọ̀dù.

"Ta lò ń wá níbẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ náà yíjú padà. Ó jẹ́wọ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni àfẹ́sọ́nà yẹn. "Ká ní ẹbí tìẹ ni, ṣé o ò ní yẹ̀ ẹ́ wò?" Ṣùgbọ́n fáìlì tó fẹ́ ṣí lọ́jọ́ náà, kò dárúkọ ẹni tó ni ín.

Ọsibítù dá ọ̀rẹ́ náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìtẹ̀ka ni oníkálukú fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà báyìí, nọ́ọ̀sì kan kò sì lè ṣí fáìlì aláìsàn tí kò sí ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ọkọ tọrọ àforíjì. Àbúrò ọkọ náà wá, ó kúnlẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti gbé ìtọ́jú rẹ̀ lọ sí ọsibítù mìíràn. Kò sọ èyí tó jẹ́, nọ́ọ̀sì kò sì béèrè.