Ọjọ́ Tí Màmá Jókòó Mú Ìdánwò Sọ̀ Kalẹ̀

Bí ẹ bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì náà lónìí, tí ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ olóògbé Màmá Jókòó fún yín, ọ̀rọ̀ ìdánwò tó fẹsẹ̀ rìn ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ.

Màmá ni olórí ọ́fíìsì tó ń ran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ dé ibi ìdánwò àṣekágbá, ó bá a pé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n gbé e sí. Olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò yọrí lójú fèrèsé, ó ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Akọ̀wé Màmá, tí kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́nu iṣẹ́, sáré lọ pè é.

Màmá ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó gòkè lọ, ó ní kí gbogbo ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ gbé tábìlì, kí wọ́n gbé àga, ó di ìsàlẹ̀. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, ìdánwò ti balẹ̀ sábẹ́ igi. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì sáré dé, táì rẹ̀ ti yí lọ sẹ́yìn ọrùn.

"Ta ló fún yín láṣẹ, Màmá?"

"Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, sà. Tábìlì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Àga ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Méjì tí ọmọ yìí ní ò sì ṣiṣẹ́. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló yẹ kó rìn?"

"Jókòó" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń tẹnu Màmá jáde bí ènìyàn bá ti ṣílẹ̀kùn, torí ó gbà pé ẹni tó wà lóòró kì í sọ ohun tó ń ṣe é gan-an. Lọ́jọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn wá dúpẹ́.

"Jókòó," ni Màmá wí, kò gbójú sókè.

"Màmá, mo ti jókòó wá láti ilé."

"Ìwọ lo mọ iṣẹ́ ṣe. Ó yá, sọ̀rọ̀."

Lẹ́yìn èyí ni Màmá kọ̀wé sí ọ̀gá àgbà pé òun fẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè, ní ilé mẹ́fà. Akọ̀wé tó tẹ ìwé náà ní, "Màmá, wọn ò ní gbà o."

"Ta ló ní kí wọ́n gbà?"

Ọ̀gá àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. "Mẹ́fà! Ṣé kò sí o, Màmá?"

"Ó dáa, márùn-ún."

"Rárá!"

"Mẹ́rin, nítorí ojú yín."

Wọ́n fà á títí òógùn fi bo ọ̀gá. Ó lu tábìlì. "Mi ò ní ṣe ẹyọ kan! Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé ni n ó ṣe sẹ́nu ọ̀nà ilé gbogbo, ìsàlẹ̀ la ó sì ti máa ṣèdánwò. Mo ti parí ọ̀rọ̀!"

Màmá fajú ro, ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì. Ohun tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ló wà níbẹ̀, títẹ̀ láti àná, ibi tí yóò fọwọ́ sí nìkan ló ṣófo. Títí dòní ni ọ̀gá ń fọ́nnu pé òun nìkan ló borí Màmá rí.

Lẹ́ni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, Màmá ní òun fẹ́ kọ́ èdè ọwọ́ lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití. Oṣù mẹ́ta péré, ó ti dìde láti túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni ọ̀gá àgbà. Ni àwọn adití bá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dikùn mú. Ọ̀gá rò pé ọ̀rọ̀ òun ló dùn, ó bá fi gígùn kún un. Nígbà tí akọ̀wé béèrè, ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sórí ìwé: gbogbo ibi tó yẹ kí Màmá ti wí pé "ọ̀gá àgbà", "ewúrẹ́ àgbà" lọwọ́ rẹ̀ ń wí. Wọ́n sì bẹ akọ̀wé pé kó má sọ fún Màmá.

Ṣùgbọ́n alátìlẹ́yìn gbogbo ayé yìí ní ohun tó ń fi pamọ́. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Bí lẹ́tà bá dé, á ní, "Kà á fún mi, mo gbàgbé awò ojú mi sílé." Akọ̀wé á kà á, á ṣe bí ẹni tí kò fura.

Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan tó fọ́jú wà ní ọ́fíìsì nígbà tí Màmá dìde, tó ń táràrà lórí tábìlì.

"Màmá, ife yín wà lápá ọ̀tún."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń wá a. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún èmi náà nìyẹn."

"Jókòó," ni Màmá wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Mo ti jókòó, Màmá. Ẹ̀yin lẹ dúró."

Màmá jókòó. Ọmọ náà ní kí akọ̀wé mú fọ́ọ̀mù wá, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń béèrè ìrànlọ́wọ́. Màmá fẹ́ jiyàn. Ọmọ náà ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ìtìjú kì í kàwé fún ènìyàn?"

Akọ̀wé mú bírò. "Irú ìrànlọ́wọ́ wo lẹ ń fẹ́, Màmá?"

Màmá ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀: kí akọ̀wé mi máa kàwé fún mi bó ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀, kó sì yéé ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọdún mẹ́ta ni akọ̀wé fi kàwé fún un lẹ́yìn ìyẹn, lọ́fíìsì, àti nílé nígbà tí Màmá ò lè dìde mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe ń ka lẹ́tà kan lọ, ó rí i pé Màmá ti di ojú, ó bá dákẹ́.

"Parí ẹ̀," ni Màmá wí.

Ó parí ẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, Màmá ti lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì, orúkọ Màmá ló wà lára rẹ̀. Ọmọ kan tí kò tíì wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló kọ ọ́, ó ń béèrè bóyá àyè wà níbẹ̀ fún aláàbọ̀ ara irú òun. Akọ̀wé ti ìlẹ̀kùn. Ó kọjú sí àga tó ṣófo, ó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, kó tó wá mú bírò láti kọ èsì pé, bẹ́ẹ̀ ni, àyè wà.