Pátánì Tó Wà Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi, ilé ìfọṣọ ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú ìkòkò kan náà la jọ jẹun dàgbà. Tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Èmi, kí n má tàn yín, bí mo bá jókòó lórí àga, àga náà á sọ̀rọ̀.

Tẹ́ẹ́rẹ́ kì í gbé aṣọ fún aránṣọ. Fúnra rẹ̀ ló ń rán gáùn rẹ̀ nínú yàrá, lórí tábìlì tó fi ń jẹun. Gáùn náà á bá a lára mu bí èèpo ṣe bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu. Bí ọ̀kan bá gbó, á fi aṣọ mìíràn rán irú rẹ̀ gan-an, nítorí pé pátánì kan ṣoṣo ló ń lò: bébà líle kan tí wọ́n gé bí ara rẹ̀, iwájú ọ̀kan, ẹ̀yìn méjì. Ó so ó kọ́ sí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ mi ló gé e fún un.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, aránṣọ ni. Ó kú lọ́dún tó kọjá, àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ; ẹni tó bá kàn ló mọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ó gé pátánì fún àbúrò mi, kò gé fún mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí Tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó bá ti ilẹ̀kùn, bébà yẹn ni màá rí. Ọmọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí i lára pé, "Ìyá Kékeré, iwájú." "Ìyá Kékeré, ẹ̀yìn." Owú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí. Àgbà ni mí, mo mọ̀ pé kò yẹ mí, àmọ́ owú kì í bi èèyàn léèrè ọjọ́ orí.

Mo mú un mọ́ra títí di ọjọ́ tí Tẹ́ẹ́rẹ́ wọ gáùn búlúù tuntun kan. Mo wà nílé rẹ̀ nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bi í pé, "Tẹ́ẹ́rẹ́, ta ló rán eléyìí fún ọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi àti ọmọ mi ni."

Ọmọ rẹ̀. Mo gbé omi tí mo ń mu kalẹ̀. Nígbà tó sin aládùúgbò náà jáde, mo yọ pátánì lára ìṣó, mo ká a, mo sì tì í sínú báàgì mi. Mo ní ó dìgbóṣe.

Aṣọ kan wà nínú àpótí mi, elése àlùkò, tí ọmọ mi rà fún mi, tí mi ò tíì rán. Nínú ohun tó rà fún mi, òun nìkan ló kù. Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀: kí aṣọ tí ó rà àti ìlà tí ó fà jọ wà lára mi. Mo tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé bébà lé e. Mo mọ̀ pé mo tóbi ju Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, mo sì fi ìwọ̀n ọwọ́ kan kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní èjìká àti ihò apá, orí ìlà ni mo ti gé e ṣánṣán. Mo ní èjìká ni èjìká ń jẹ́. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ ọmọ mi, mo rán an, mo bọ̀ ọ́ sọ́rùn.

Ó dé èjìká, ó dúró. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Apá mi méjèèjì wà lókè, ojú mi wà nínú aṣọ. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ wà nílé?"

"Mo wà."

"Ẹ wá ṣílẹ̀kùn."

"Ọwọ́ mi ò dilẹ̀."

Ó ti ilẹ̀kùn wọlé fúnra rẹ̀. Mo gbọ́ tó bú sẹ́rìn-ín, tó rín in títí tó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ wọ gáùn ni, àbí gáùn ló gbé yín mì?" Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó ń tú èjìká náà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí orí mi yọ, ó ti rí bébà rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Ẹ bá ti béèrè."

"Kí n wá máa tọrọ ohun ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ?"

Ó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé etí bébà náà. "Ara nìkan ló wà nínú ìlà yìí. Ìwọ̀n àtàǹpàkò kan lèèyàn máa ń fi sílẹ̀ yí i ká, kí abẹ́rẹ́ lè rí àyè gbà. Kò fà á sórí bébà. Ó ní òun fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi."

"Kò sọ ọ́ fún mi."

"Ṣé ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ló gbé téèpù wá bá yín? Lónìí, ẹ̀ ń fọ abọ́. Lọ́la, ẹsẹ̀ ń dùn yín. Nígbà tó yá, ẹ ní pósí nìkan ni wọ́n ń wọn èèyàn fún."

Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi sọ ọ́. Òun ni wọ́n padà wá wọ̀n.

Lẹ́yìn náà, Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ, ó mú téèpù ọmọ mi. "Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo dìde. Ó fi àtàǹpàkò òsì tẹ orí téèpù mọ́ mi láyà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún yí i ká ẹ̀yìn mi, ó sì ń ka nọ́ńbà sábẹ́ ètè, bí ọmọ mi ṣe máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìṣe ọwọ́ ọmọ mi ló wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Owú yẹn tún dìde.

"Ẹ má fa ikùn sínú. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

Ó fa ìlà sórí bébà tuntun, ó gé e, ó sì kọ ọ́ sí i lára pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, iwájú."

Mo ní, "Kọ Màámi síbẹ̀, bó ṣe máa ń pè mí."

Ó wò mí. Ó fa ìlà lé ti àkọ́kọ́, ó kọ ọ́.

Gáùn náà ti parí báyìí, ó ní àlẹ̀mọ́ méjì lábẹ́ apá, níbi tí mo ti gé aṣọ jù. Tẹ́ẹ́rẹ́ ti gbé bébà tirẹ̀ padà sílé. Bí mo bá lọ kí i tó bá ti ilẹ̀kùn, owú ṣì máa ń jẹ mí. Ṣùgbọ́n tèmi náà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, bí mo bá sì ti wọ yàrá, èmi náà á ti ilẹ̀kùn.