Ìwé Ìbí Ràshídátù

Orúkọ méjì ni ọmọbìnrin kejì tí Alájì Bùràímọ̀ télọ̀ bí ń jẹ́. Nílé, ní Ẹ̀jìgbò, Mùtmàínà ni. Níléèwé, láti kíláàsì kìíní títí di ọjọ́ tí yunifásítì fún un ní ìwé ẹ̀rí, Ràshídátù ni. Ràshídátù kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n náà sì wà láàyè, ó ń ta aṣọ láàárín Ẹ̀jìgbò àti Àbíjàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Àbíjàn ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Nígbà tí wọ́n bí Ràshídátù, bàbá wọn lọ tò ní ọ́fíìsì ìjọba, ó gba ìwé ìbí rẹ̀, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní ẹsitirẹ́. Nígbà tí wọ́n bí Mùtmàínà ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Iléyá ti sún mọ́lé, aṣọ oníbàárà pọ̀ nílẹ̀, Bùràímọ̀ ní òun á lọ tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò lọ. Nígbà tó máa fi rántí, àsìkò tí òfin fi sílẹ̀ ti kọjá, ẹni tó bá tún fẹ́ gba ìwé náà gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́. Bùràímọ̀ kò fẹ́ rí adájọ́. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, iléèwé kankan kò gbà á láìsí ẹsitirẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n yọ Ràshídátù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kúrò níléèwé kó lè máa bá ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Wọ́n kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Bùràímọ̀ mú ìwé tó wà nílẹ̀, ó fi fún ọmọ tó kàn. Ọ̀gá iléèwé wo Mùtmàínà láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yìí mà kéré. Bùràímọ̀ ní àwọn kì í ga nínú ìdílé àwọn.

Kì í ṣe òun nìkan. Láàárín àwọn tó mọ̀ ní Àbíjàn, ìwé ìbí kan lè mú ọmọ méjì wọ iléèwé, bí ìgbà tí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá ń wọ bàtà kan náà. Kò sẹ́ni tó pè é ní irọ́. Wọ́n ń pè é ní ìrànlọ́wọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Mùtmàínà nígbà tí gbogbo ilé padà sí Ẹ̀jìgbò. Ìwé tó gbé wá láti iléèwé Àbíjàn ni wọ́n fi gbà á wọlé, orúkọ tó wà lórí rẹ̀ náà ló bá a lọ sí girama, tó bá a dé yunifásítì. Èdè Faransé ló fẹ́ kọ́ níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tí kì í sọ Faransé ọjà nínú ilé wọn. Yunifásítì ní Faransé ti kún. Sípáníìṣì ni wọ́n fún un, nítorí pé kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

"Sípáníìṣì?" ni Bùràímọ̀ wí. "Ta ló fẹ́ bá ọ sọ ọ́ ní Ẹ̀jìgbò yìí?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà."

"Ṣé o ò lè ní kí wọ́n bá ọ pààrọ̀ ẹ̀ ni?"

Wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ní mọ́ṣáláṣí, Bùràímọ̀ ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé Faransé ni ọmọ òun ń kọ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì gbáko.

Àwọn méje ni wọ́n jókòó ní kíláàsì náà. Kò sí ọmọ Sípéènì kankan lára àwọn olùkọ́ wọn. Ohùn àwọn ará Sípéènì tí wọ́n gbọ́, inú fóònù olùkọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ, fóònù náà a sì máa kú kí gbólóhùn tó parí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, olùkọ́ ní kí oníkálukú dìde, kó sọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ orí rẹ̀ ní Sípáníìṣì. Mùtmàínà dìde, ó ní Ràshídátù ni òun, ọmọ ogún ọdún. Mẹ́tàlélógún ló wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ sọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ náà, iye ọdún tó jẹ́ gan-an ló ń sọ ní Sípáníìṣì. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó mọ ìwé. Ó mọ̀ ọ́n ju àwọn mẹ́fà yòókù lọ, kò sì fi pamọ́ fún wọn. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì ti yunifásítì pa fún oṣù mẹ́jọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní iléèwé aládàáni kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó ń gun ọ̀kadà lọ, ó ń gun ọ̀kadà bọ̀, ó sì ń ka ewì Sípáníìṣì lẹ́yìn ọlọ́kadà nítorí pé atẹ́gùn ni kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Nígbà ìsinmi kan, ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí ti gbé Sípéènì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, pé àwọn kan lára wọn fi álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá kọ èdè Sípáníìṣì sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn àfáà ṣe ń fi í kọ Yorùbá. Bùràímọ̀ gbé ojú sókè kúrò lórí maṣíìnì. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé èdè àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ ni ọmọ òun ń kọ́. Kò tún bi ọmọ náà ní ìbéèrè kankan nípa rẹ̀ mọ́.

Ní ọdún tó gbẹ̀yìn, Mùtmàínà kọ iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀ lórí ìwé ẹ̀jẹ̀ mímọ́ ní Sípéènì àtijọ́. Ìwé yìí lèèyàn gbọ́dọ̀ ní kó tó lè dé ipò kan: yóò fi hàn pé kò sí Júù, kò sí Mùsùlùmí, nínú àwọn baba ńlá rẹ̀. Àwọn tí wọn kò ní in ń rà á. Wọ́n ń wá ẹlẹ́rìí tí yóò búra fún wọn. Ojú ewé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló kọ. Kò mẹ́nu ba ara rẹ̀ níbì kankan. Òun ló gba máàkì tó ga jù lọ. Lọ́jọ́ ìgboyè, wọ́n pe Ràshídátù Bùràímọ̀, Mùtmàínà sì dìde. Ràshídátù gidi wà láàárín èrò, ó na ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú oríire mi o!" ló ń wí fún gbogbo ẹni tó kọjá. "Èmi tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, ẹ wá wò mí, mo ti gboyè."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Mùtmàínà náà rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, iléèwé Ifẹ̀-Ọ̀dàn yẹn náà ló padà sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ń wá àwọn tó gboyè nínú Sípáníìṣì, tí yóò lọ gbé Sípéènì fún ọdún kan, tí yóò máa ran àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ níléèwé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún, kó má wulẹ̀ kọ ọ́. Sípáníìṣì ni gbogbo fọ́ọ̀mù náà. Mùtmàínà dáhùn ìbéèrè kan tẹ̀ lé ìkejì, nígbà tó sì dé ibi tí wọ́n ti béèrè ọjọ́ ìbí, ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Tirẹ̀ gan-an. Kò rí ohun tó ṣe títí wọ́n fi kọ̀wé pé wọ́n ti yàn án, pé kó fi ìwé ìbí àti pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n yàn nínú àwọn méje. Matthias, tí wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ló wà nípò kejì, bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá lè lọ.

Ràshídátù inú ìwé ti pé ọgbọ̀n ọdún láti oṣù kìíní.

Ó lọ sí kóòtù. Akọ̀wé ibẹ̀ ní kò le rárá: kí bàbá rẹ̀ tàbí ẹbí tó jù ú lọ wá búra pé wọ́n ṣi ọdún kọ nínú ìwé ìbí, ó parí. Ó padà sílé, ó kúnlẹ̀ níwájú Bùràímọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Kí n gbé Kùránì dání?" ni Bùràímọ̀ béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí n wá ní ọdún ìwé yẹn kì í ṣòótọ́, nígbà tó jẹ́ òótọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Bàbá."

"Mo ti lọ sí Mẹ́kà, Mùtmàínà. Mi ò lè gbé Kùránì dání kí n parọ́."

"Ẹ parọ́ fún ọ̀gá iléèwé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà."

"Mi ò gbé Kùránì dání lọ́jọ́ yẹn."

Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni tó ń sọ iye yáàdì tí aṣọ kan yóò gbà. Lẹ́yìn náà ló ní, tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń fẹ́ ní kóòtù, òun lè dìde báyìí kí òun lọ sọ ọ́: ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Mùtmàínà wo ibi tí òótọ́ náà máa já sí. Ìwé ẹ̀rí girama, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ìwé àgùnbánirọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò di ti obìnrin kan tó dúró ní kíláàsì kẹta.

"Ẹ má lọ sọ òótọ́, sà," ló wí.

Ó ku Ràshídátù. Ó ti Àbíjàn dé lọ́sẹ̀ yẹn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó ń ká àǹkárá.

"Àǹtí Ràṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi búra ní kóòtù pé wọ́n ṣi ọdún kọ nínú ìwé ìbí yẹn."

"Orúkọ ta ni n ó fi búra?"

"Tèmi. Ẹ ó ní Mùtmàínà ni yín."

Ràshídátù rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "O gba orúkọ mi, o wá fẹ́ fi tìẹ ṣe ṣéńjì fún mi?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni, Àǹtí."

"Ohun tí Bàbá sọ náà nìyẹn nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré." Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mùtì, fetí sílẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù tí mo fi ń kọjá ní bọ́dà, ọdún yẹn ló wà nínú ẹ̀. Ìwé ìbí àwọn ọmọ mi méjèèjì, ọdún ìyá wọn wà níbẹ̀. Ìwé ṣọ́ọ̀bù mi náà ńkọ́? Ọjọ́ tí kóòtù bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò bí Ràshídátù ọmọ Bùràímọ̀ lọ́dún yẹn, kí ni n ó sọ fún àwọn ṣójà tí wọ́n bá dá mi dúró ní bọ́dà Nóè?"

"Wọn ò ní mọ̀."

"Àwọn ará Sípéènì náà ì bá má mọ̀. Ìwọ lo lọ sọ fún wọn."

Mùtmàínà wá àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe máa ń wá a nínú ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, kò rí i. Ì báà jẹ́ bàbá ló búra, ì báà jẹ́ ẹbí mìíràn, Ràshídátù ni yóò jìyà rẹ̀ ní bọ́dà. Kò sí ìwé méjì. Ọ̀kan ni, ẹni tó ni ín sì ti béèrè rẹ̀.

"Kì í ṣe pé mo kórìíra rẹ," ni Ràshídátù wí, ó tún mú aṣọ. "Ó dùn mí, wallahi. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn nìkan ló kù tó jẹ́ tèmi nínú ìwé yẹn. O ti fi ìyókù gboyè." Ó ká àǹkárá kan tán, ó gbé e lé orí èkejì. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò tíì jẹun."

"Ìrẹsì wà nínú kúlà."

Ó jẹun. Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sátidé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó kọ lẹ́tà náà sórí fóònù. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta kí Sípáníìṣì inú rẹ̀ má baà ní àbùkù. Bùràímọ̀ rí i.

"Ṣé àwọn yẹn lò ń kọ̀wé sí?"

"Àwọn ni, sà."

"Kà á fún mi ní Yorùbá."

Ó kà á fún un, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, láìfi kún un, láìyọ kúrò nínú rẹ̀: "Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́ pé ẹ yàn mí. Mo ṣi ọjọ́ ìbí mi kọ sínú fọ́ọ̀mù. Nígbà tí mo wo ìwé ìbí mi, mo rí i pé mo ti kọjá ọjọ́ orí tí ẹ ń fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ipò náà fún ẹni tó kàn. Èmi ni, Ràshídátù Bùràímọ̀."

Bùràímọ̀ ní, "Ó tán?"

"Ó tán, sà."

"O ò sọ̀rọ̀ tèmi níbẹ̀."

"Rárá, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bùràímọ̀ wí. "Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn."

Ó fa aṣọ tó ń rán mọ́ra, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ maṣíìnì. Mùtmàínà wò ó, ó dúró kí maṣíìnì náà sinmi, bóyá bàbá rẹ̀ tún ní ohun tó fẹ́ sọ. Maṣíìnì kò sinmi. Ó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́.