Bí Gègé Ṣáínà Ṣe Gba Ìwé Bàbá Mi Lọ́wọ́ Àpótí

Mo fi Ọlọ́run tó mú omi Ọya àti omi Bẹ́núè pàdé lẹ́yìn ìlú wa búra: bí irọ́ bá wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bó ti wù kó kéré tó, kí yíǹkì gbẹ mọ́ mi lẹ́nu gègé títí ayé. Èmi Yàkúbù kì í purọ́. Àwọn tó ń sọ pé mo máa ń bu iyọ̀ sọ́rọ̀, àwọn ni iyọ̀ tán nílé wọn.

Ọmọ agboolé àwọn ará Ìlọrin ni mí, ní Lọ́kọ́jà àtijọ́, nítòsí Paparanda. Aago ni mò ń tún ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo tú aago kan palẹ̀, mo tò ó padà, ó sì ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìwé kíkà náà, ara àpótí ẹrù létí odò ni mo ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kà láyé mi ni èyí tó ní kí wọ́n má dojú àpótí délẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn tíṣà ló ń gbé lẹ́tà wá bá mi pé kí n bá àwọn kà á.

Kéwú nìkan ni mo kọ́ lọ́dọ̀ èèyàn, bàbá mi sì ni ẹni náà. Bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ odindi Àlùkùránì. Ewé kọ̀ọ̀kan dá wà lọ́tọ̀, a ò dì wọ́n pọ̀, inú àpò awọ ni wọ́n ń gbé. Ọdún mẹ́tàlá ló fi kọ ọ́, gègé igi eèsún tó fi ọ̀bẹ gé fúnra rẹ̀ ló sì lò. Inú ìwé yẹn ni gbogbo ọmọ agboolé wa ti ń kà lọ́jọ́ wólímọ̀, ọjọ́ tí ọmọ bá ka Kùránì parí tí à ń bá a yọ̀. Kí bàbá mi tó kú, ó di ọwọ́ mi mú. "Yàkúbù, má jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé yìí sùn." Mo ní wọn ò ní gbé e sùn.

Ti gègé Ṣáínà wá bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ọmọ Yàgbà kan wà, Zipporah, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Lokongoma. Ó mú gègé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, irú èyí tí wọ́n ń rọ yíǹkì sí níkùn, ó sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn.

"Òkun o, Bàbá. Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi, níìbù rẹ̀ wọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa ń tún ohun kékeré ṣe."

Níìbù ni irin pẹlẹbẹ ẹnu gègé, òun ló ń kọ̀wé. Mo fi rọ́bà sílípáàsì dì í mú, mo fà á, ó yọ bí ìgbín tó yọ nínú ìkarawun. Mo yọ ti gègé mìíràn tó wà nínú báàgì rẹ̀, mo kì í bọ ibẹ̀. Ó wọlé pẹ́kí, bí fìlà ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò mu.

"Háà! Ṣé wọ́n ń pààrọ̀ ẹnu ni?"

"Ọmọ mi, bí ẹnu èèyàn bá ṣeé pààrọ̀ báyìí, ìlú ì bá tòrò."

Láti ọjọ́ yẹn ni Zipporah ti ń fi fóònù bá mi ra gègé láti Ṣáínà. Wọn ò wọ́n rárá. Mò ń pa ẹnu èyí dà sí ọrùn tọ̀hún, títí gègé mi fi di ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́tàdínlógún. Kàrímọ́tù, ìyàwó mi, ní mọ́kànlélógójì ni, ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ka àwọn tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Lọ́dún 2022, omi bo ìlú. Ẹja kan wọ pálọ̀ mi, ó gba abẹ́ àga kọjá bí àlejò tó mọlé. A ti gbé àpò awọ bàbá mi sórí àjà, síbẹ̀ omi fọwọ́ bà á: ewé mẹ́rin tó kẹ́yìn di ẹ̀kọ. Orí ewé mẹ́rin yẹn gan-an ni àwọn súrà kéékèèké tí ọmọ máa ń kà lọ́jọ́ wólímọ̀ wà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Màrdíyà, ọmọ ọmọ mi, ṣe wólímọ̀. Àbúrò mi, Ààfáà Sàláhúdéènì, tó ni ilé-kéwú, pe ẹbí jọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká gbé ìwé Bàbá sínú àpótí. Mo ti ra èyí tí wọ́n tẹ̀, ó ń dán gbinrin. Òun ni Màrdíyà máa kà."

"Inú àpótí? Òkú ni?"

"Kò pé mọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Màá kọ ewé mẹ́rin náà."

"Gègé wo lẹ máa fi kọ ọ́? Ti Ṣáínà yẹn?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ wo ewé kan nínú èyí tí Bàbá kọ, kí ẹ kọ irú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ kó méjèèjì síwájú mi. Bí mo bá mọ èyí tó jẹ́ ti Bàbá, èyí tí mo rà la máa lò."

"Ó parí," ni mo wí.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe mi, kí ẹ lè mọ̀ pé olóòótọ́ ni mí. Tàdáwà ni bàbá mi fi kọ̀wé, èyí tí à ń fi dúdú ìdí ìkòkò àti oje igi pò. Mo pò ó bó ṣe máa ń pò ó, mo rọ ọ́ sí ikùn gègé. Mo kọ ìlà mẹ́ta. Ní ìkẹrin, gègé yadi. Mo gbọ̀n ọ́n, ó tutọ́ dúdú sí gèlè Kàrímọ́tù lára. Mo mú òmíràn, òun náà yadi. Ìkẹta ò tilẹ̀ ṣe bísímílà.

Kàrímọ́tù ń wò mí. "Bàbá Kàsímù, oje tí wọ́n fi ń lẹ ìwé pọ̀ lẹ rọ sí i lọ́fun. Ẹ wá ń bá a jà pé kò sọ̀rọ̀."

Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kàn ń dúró kí ó sọ ọ́ kí inú rẹ̀ lè dùn ni.

Mo fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọ̀fun àwọn gègé náà. Igi eèsún ò ní ọ̀fun, ẹnu nìkan ló ní, ìdí nìyẹn tí tàdáwà kò fi lè fún un lọ́rùn. Mo fi tàdáwà sílẹ̀, mo mú yíǹkì ìgò, dúdú púpọ̀, búráùn díẹ̀. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo pò ó kó tó jọ ti bàbá mi tí ọjọ́ pípẹ́ ti pa láwọ̀ dà. Mo rẹ tákàdá funfun sínú tíì tí kò ní mílíìkì, mo sá a sórí páànù.

Níìbù ló kù. Àwọn níìbù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu gègé mi ń kọ̀wé bí ẹsẹ̀ èèrà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ bàbá mi máa ń sanra, a sì tún máa rù, bí ẹni tó ń mí. Mo yọ níìbù ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ kan, mo gbé e sọ́rùn gègé pupa kan tó lawọ́ sí yíǹkì. Kò tíì tọ́. Àwọn ará Ṣáínà ṣe é fún ìwé tó ń ti òsì lọ sí ọ̀tún, kéwú sì ń ti ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Mo ki dígí aláago bọ ojú, mo fi òkúta tí mo fi ń pọ́n abẹ lọ ẹnu níìbù náà ní gẹ̀rẹ́, bí bàbá mi ṣe máa ń gé ti eèsún. Méjì bàjẹ́. Ìkẹta ni mo fi kọ álífù kan, lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú kéwú. Álífù náà dìde lórí ìwé, ó dúró bí bàbá mi ṣe máa ń dúró.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, gbogbo agboolé pé sójúde. Mo tẹ́ ewé méjì síwájú Sàláhúdéènì, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lára méjèèjì. Ó wọ gíláàsì. Ó gbé wọn sóòrùn. Ó gbé ọ̀kan sí imú.

"Ti Bàbá nìyí," ló wí. "Ẹ wo lẹ́tà núùnù rẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀, òórùn ayé àtijọ́."

"Ìkejì ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ọwọ́ yín gbọ̀n níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ sì tún fi abẹ́rẹ́ lu ihò sí i kó lè dà bíi pé kòkòrò jẹ ẹ́. Èmi kì í ṣe ọmọdé."

Kàrímọ́tù bú sẹ́rìn-ín. "Ààfáà, òórùn tíì lẹ gbọ́ un! Ṣúgà ló kù."

Mo yọ ewé mẹ́wàá nínú àpò awọ, márùn-ún tó ṣáájú àti márùn-ún tó tẹ̀lé e. Mo ki èyí tó ní ihò sáàárín wọn. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Oòrùn gba inú ihò kan ṣoṣo, láti ewé àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn. Kòkòrò tó jẹ ẹ́ ti kú kí wọ́n tó bí Sàláhúdéènì.

Ariwo tí wọ́n pa, àdúgbò Karaworo lọ́hùn-ún gbọ́ ọ. Àwọn apẹja tu ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀, wọ́n rò pé omi tún ti dé.

Sàláhúdéènì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Ẹ kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Ẹ̀gbọ́n."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ wọ́n, pẹ̀lú àlùwàlá. Lọ́jọ́ wólímọ̀, inú ìwé bàbá mi ni Màrdíyà ti kà, ohùn rẹ̀ kò yẹ̀ nígbà kan. Sàláhúdéènì fúnra rẹ̀ ló ń bá a ṣí ewé. Nígbà tí ọmọ náà kà á dé òpin, àbúrò mi rọra bi mí létí bóyá mo lè bá òun gé ẹnu níìbù kan.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, Ààfáà Sàláhúdéènì wà láyé, ara rẹ̀ le. Ẹ lọ bá a nílé-kéwú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì, kí ẹ bi í léèrè èwo nínú ewé méjèèjì ló jẹ́ ti Bàbá. Bó bá kọ́kọ́ wúkọ́ kó tó dáhùn, ẹ ti rí òtítọ́ mi nìyẹn.