Àtàǹpàkò Tó Wà Lórí Tẹ̀sùbáà

Yéè! Bàbá Lúkú, ọkọ mi, bí eré bí eré, ó dìgbà o! Ẹ̀yin tí ẹ kì í jáde nílé láìkọ́kọ́ pe orúkọ mi, ẹ lọ, ẹ kò pè mí.

Gbogbo àdúgbò Jójú ló mọ̀ yín sí onísùúrù. Iṣẹ́ yín ló kọ́ yín. Ní ilé-iṣẹ́ irin ní Sàngó, máíkírósíkóòpù oníná ni ẹ ń lò, ẹ̀rọ tí ń mú kí ohun kékeré hàn gàdàgbà, èyí tí ń ta ẹlẹ́tíróònù, èérún iná tí ojú kò lè rí, lu nǹkan. Èyí tó bá ta jáde láti ojú nǹkan náà ni ẹ̀rọ ń kó jọ di àwòrán. Nídìí oúnjẹ, ẹ ó ní, "Bí fóltéèjì, agbára iná náà, bá pọ̀ jù, yóò gba ojú nǹkan kọjá wọnú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú, kó rọra." Èmi náà á ní, "Ẹ jẹun, ọbẹ̀ ti ń tutù."

Ọjọ́ tí ẹ gbé tẹ̀sùbáà onígi tí bàbá yín ti ń lò láti ayé ìjọba òyìnbó lọ síbẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí. A kò tíì tú u nínú aṣọ tí a dì í sí láti ìgbà tí bàbá ti kú. Ẹ ní bí ẹ ṣe fi fóltéèjì tó ga wò ó, ìlẹ̀kẹ̀ náà ń tàn yòò, ó ń sún kiri bí ojú tó ń wá ẹnì kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ sá jáde. Ẹ rẹ fóltéèjì sílẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́, ìlà àtàǹpàkò sì yọ, àpá ibi tí àdá ti ṣá bàbá yín lọ́wọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ délé, ẹ kò lè jẹun. Ẹ ní, "Ìyá Lúkú, bàbá mi ṣì wà níbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́ o." Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń fi í ka orúkọ Ọlọ́hun, àtàǹpàkò yín lórí ti bàbá yín.

Ẹ dárí ji Àńtí Sàlámọ̀, àbúrò yín. Bí a ti ń ṣe nílé wa, wọ́n kó gbogbo nǹkan yín fọ̀ kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ tó dé, kí a lè pín in. Wọ́n ki tẹ̀sùbáà bọ omi ọṣẹ, wọ́n sá a sórí okùn pẹ̀lú jàlàbíà yín. Mo fi igbe ta. Wọ́n rò pé ikú yín ni mò ń sun lẹ́kún.

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n mú un wá, kí àwọn wò ó bóyá ìlà àtàǹpàkò yín ṣì kù lójú rẹ̀. Mo kọ̀. Bí wọn kò bá rí yín, ẹ kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Bí wọ́n bá sì rí yín, ta ni yóò jẹ́ kí ẹ sinmi? Kì í ṣe èmi, mo mọ ara mi.

Láàárọ̀ àná, mo gbé tẹ̀sùbáà náà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àfi bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. N kò bèèrè ẹni náà. Mo fi àtàǹpàkò tèmi lé e, mo sì rọra ń kà.

Kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ yín. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná sí yín lójú. Ẹ sùn re o, Bàbá Lúkú. Ẹ sùn re o.

Ìyàwó yín,
Ìyá Lúkú, Ọ̀tà