Sítáǹpù Họ́ńgárì Tí Mo Fọ̀

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣé o ti fọ nǹkan tí kò dọ̀tí rí? Má purọ́ fún mi. Èmi ti ṣe é, mo sì sá a sójú wíńdò kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Láti ìgbà tí mo ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, iṣẹ́ tí mo ń ṣe ni pé mo ń jókòó. Mọ́mì mi ní àga pálọ̀ ti mọ ìdí mi ju bí àwọn tó bí mi ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Mọ́mì ń ṣe. Láti ilé wa ní Mount Hope, lókè òkun níbí, wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Soundview, lọ́dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ ará Họ́ńgárì, tí ojú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Sátidé yìí lọmọ bàbá náà ń bọ̀ wá mú wọn lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà. Yàrá ibẹ̀ kéré. Nǹkan kan ṣoṣo ni bàbá ní àwọn ò lè fi sílẹ̀: àwọn sítáǹpù lẹ́tà Họ́ńgárì tí wọ́n ti ń kó jọ láti kékeré. Wọ́n ń wá ẹni tó lójú tó máa bá wọn tò ó sínú ìwé. Mọ́mì ní ọmọ àwọn wà nílé, kò ríṣẹ́ ṣe. Bí mo ṣe dọ̀gá nìyẹn.

Bàbá fúnra wọn ló kọ́ mi. Wọ́n ní sítáǹpù méjì lè ní àwòrán kan náà, àwọ̀ kan náà, kí wọ́n má sì jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n mú ìka mi, wọ́n fi ra etí àwọn sítáǹpù náà: ọ̀kan ní eyín wínníwínní bíi ti ayùn, èkejì ò léyín rárá, etí ẹ̀ tọ́ gbọnrangandan. Òmíràn, àfi kó o gbé e síwájú iná kó o tó rí àmì tó sá pamọ́ sínú ìwé ẹ̀. Mi ò gbọ́dọ̀ pa wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n gé lára àpò lẹ́tà, kí n rẹ ẹ́ sínú omi títí ìwé ẹ̀yìn ẹ̀ á fi ṣí. Mo ń mi orí bí alángbá.

Bàbá wá yọ àpò pélébé kan jáde. Sítáǹpù kan péré ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sá kúrò ní Họ́ńgárì lọ́dọ̀ọ́, bàbá tó bí wọn rà á láti lẹ̀ mọ́ lẹ́tà tó fẹ́ kọ sí wọn. Lẹ́tà ò dé. Sítáǹpù nìkan ló dé, lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn. Bàbá fi ìka ra ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n ní:

“Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn yìí, ahọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì kàn án. Òun ni mo fi ń mọ̀ ọ́n.”

Mo tún mi orí. Etí mi kan ń gbọ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù.

Nígbà tí mo kó wọn délé, mo bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, mo rẹ àwọn tí wọ́n gé lára àpò lẹ́tà síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ ilé ló pa mí. Tí aládùúgbò bá gbé oúnjẹ wá fún wa, Mọ́mì á fọ abọ́ ẹ̀ títí á fi dà bíi tuntun kí wọ́n tó dá a padà. Mo bá wo ẹ̀yìn sítáǹpù yẹn: ó ti pọ́n, ó ń dán bíi pé ìgbín rìn kọjá lórí ẹ̀. Mo ní gbogbo èyí tó kù ti mọ́ tónítóní, ṣé eléyìí nìkan ni màá dá padà ní ìdọ̀tí? Mo tì í bọmi.

Omi náà ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Mo tún fi ìka ra á kó lè mọ́ dáadáa. Mo ń súfèé.

Ìgbà tí mo sá a tán ni ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ nípa gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ tó dé etí mi. Ó pẹ́ kó tó dé, bíi bọ́ọ̀sì wa, ṣùgbọ́n ó dé. Súfèé gé mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn sítáǹpù ń ká jọ lójú wíńdò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ìka òkú.

Mo fi ẹ̀kọ tútù ra ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn tó wọ́pọ̀, bí a ṣe máa ń lẹ ìwé nígbà tí a wà ní Ìbàdàn, kí n wò ó bóyá á jọ gọ́ọ̀mù. Ó gbẹ, ó hun jọ, ó ń rùn kíkan. Ọmọ ọlọ́gbọ́n.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìròyìn tí Mọ́mì bá gbé bọ̀ láti Soundview ló ń já mi láyà. Bàbá ti di ẹrù tán. Àlàfo kan wà lókè àpótí wọn fún ìwé sítáǹpù, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan kan síbẹ̀. Lánàá, Mọ́mì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

“Bàbá yẹn ní kí n gé èékánná àwọn, kí n fi ọṣẹ fọ ìka àwọn. Wọ́n ní ọwọ́ tó mọ́ làwọn fẹ́ fi kan nǹkan bàbá àwọn.”

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mọ́mì ní ṣé inú ń run mí ni.

Òní ni Sátidé. Ìwé ti tò, ó rẹwà: eléyín lápá kan, aláìléyín lápá kejì, èyí tí mo fọ̀ lójú ewé tó gbẹ̀yìn. Mo lè dákẹ́. Bàbá ò kúkú ríran. Ṣùgbọ́n ìka wọn ríran ju ojú mi méjèèjì lọ. Kí wọ́n tó na ọwọ́ ló yẹ kí n sọ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sẹ́yìn rìsíìtì kan, gbogbo ẹ̀ ń dún bí àwáwí. Èyí tí mo wà lórí ẹ̀ báyìí bẹ̀rẹ̀ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án, torí mo ti...”

“Ọ̀gá sítáǹpù.” Mọ́mì ti wọ bàtà, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà. “Gbé ìwé bàbá, bọ́ọ̀sì ti dé.”